Ẹja Wo Ló Lè Bá Ẹja Wo Gbé?

ÌBÉÈRÈ

Àwọn ọmọ mi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n rí táǹkì ẹja nílé ọ̀rẹ́ wọn kan, láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti jẹ́ kí n gbádùn. Nígbà tí owó àjọ kàn mí, mo ra táǹkì gíláàsì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, tó sì ga bákan náà. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ni mo da omi bóòhóòlù wa sínú rẹ̀, mo sì padà lọ ra ẹja lọ́wọ́ ẹni tó ta táǹkì fún mi: goldfish méjì, angelfish méjì, neon tetra mẹ́wàá, tiger barb mẹ́ta, oscar kékeré kan tí kò ju ìka mi lọ, àti ẹja dúdú kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tí wọ́n ní òun ni yóò máa gbá inú táǹkì mọ́. Mo béèrè bóyá wọ́n lè jọ gbé. Ó ní, "Màdáámù, ṣebí ẹja ni gbogbo wọn."

Kí oṣù tó parí, neon tetra mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti pòórá. Òkú méjì péré ni mo rí. Lẹbẹ́ angelfish ti fà ya. Goldfish kan kú, èkejì kàn dúró sójú kan nísàlẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Oscar nìkan ni ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó ti tó ìlọ́po méjì bí mo ṣe rà á.

Bàbá wọn ní kí n da omi náà nù, kí n fi táǹkì gbin ewébẹ̀. Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Ẹ̀pẹ́ ní òun yóò bá mi mú àrọ̀ kékeré àti ẹ̀pìyà wá láti ọ̀sà, pé àwọn yẹn kì í kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹja wo ló lè bá ẹja wo gbé? Ṣé mo lè rí èyí tó lẹ́wà tí wọn ò sì ní pa ara wọn jẹ? Omi wa máa ń pọ́n tó bá sùn mọ́jú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn wà lára ẹ̀. Iná mọ̀nàmọ́ná àdúgbò wa náà kì í dúró.

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrójú ẹkún àwọn ọmọ. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ewébẹ̀ sílẹ̀ ná. Táǹkì tí ẹ rà dára, ó dára ju èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tó nǹkan bí 120 sẹ̀ǹtímítà, ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sì tó bí 45. Tí ẹ bá fi 120 lọ́po 45, tí ẹ tún fi 45 lọ́po ohun tí ẹ rí, tí ẹ wá pín in sí 1,000, ẹ ó rí i pé táǹkì yín ń gba 243 lítà tó bá kún dẹ́múdẹ́mú. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan, nítorí náà ẹ má gbé e sórí tábìlì ìjẹun o.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí neon tetra yín wọlé sí. Òkú méjì tí ẹ rí yẹn, ó jọ pé omi ló pa wọ́n. Mẹ́jọ tó kù ti gba ọ̀nà ọ̀fun oscar àti angelfish lọ. Òfin kan ṣoṣo ni ẹja mọ̀ nídìí oúnjẹ: ohun tó bá ti gba ẹnu òun, oúnjẹ ni. Kò sí ìkà níbẹ̀. Neon tetra tó dàgbà tán kì í gùn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Ní agbègbè odò Amazon tí angelfish ti wá, irú ẹja wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń jẹ, tí ìmọ́lẹ̀ bá sì ti ń lọ sílẹ̀, tí àwọn neon ti rẹ̀ sáàárín ewé, ọwọ́ rẹ̀ á tẹ̀ wọ́n. Oscar ní tirẹ̀ kì í dúró de ilẹ̀ ṣú.

Oscar yẹn, ẹni tó tà á fún yín mọ̀, àbí ó yẹ kó mọ̀, pé ẹja tó gùn bí ìka lónìí yóò tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹja ọlọ́gbọ́n ni, ó máa ń dá ẹni tó ń bọ́ ọ mọ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló yẹ kó ni táǹkì. Ìgbà tí ẹ bá ń ra ẹja, bí yóò ṣe tóbi tó lọ́la ni kí ẹ béèrè, ẹ má wo bó ṣe rí nínú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí.

Ti lẹbẹ́ angelfish, àwọn tiger barb mẹ́ta yẹn ni kí ẹ mú. Ẹja tó máa ń lé ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri ni, eré tiwọn nìyẹn. Tí wọ́n bá pé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, àárín ara wọn ni wọ́n á ti máa ṣe é. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, ọwọ́ wọn á dilẹ̀, ohunkóhun tó bá ń fì lẹ́lẹ́ nínú omi ni wọ́n á dojú kọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹja kan náà ṣe lè jẹ́ oníjọ̀gbọ̀n ní mẹ́ta, kó sì jẹ́ ọmọlúàbí ní mẹ́wàá. Iye tí ẹ rà wà lára ohun tó ń pinnu bóyá ẹja á bára gbé, àwọn òǹtajà wa kì í sì í sọ èyí, torí oníkóówá ló fẹ́ ra méjì méjì bíi ti inú ọkọ̀ Nóà. Síbẹ̀, kódà tí wọ́n bá pé mẹ́wàá, mi ò ní kí ẹ fi wọ́n sọ́dọ̀ angelfish tàbí guppy tàbí ẹja oníjà tí wọ́n ń pè ní betta, torí lẹbẹ́ àwọn yẹn ti gùn jù.

Goldfish kò sí nínú ẹjọ́ náà rárá, wọ́n kàn mú un wá sílùú tí kò bá a lára mu ni. Omi tútù ni tirẹ̀, láàárín 18 sí 22 lórí òdiwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ló ti ń gbádùn. Nínú yàrá ní Ìkòròdú, omi tó bá wà ní 28 kì í ṣe nǹkan tuntun. Omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ mọ́ra bíi ti tútù, goldfish sì jẹ́ ẹja tó ń jẹun púpọ̀, tó ń ṣu púpọ̀. Hẹlẹhẹlẹ tí ẹ rí yẹn, afẹ́fẹ́ ló ń wá. Ẹja dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ńkọ́? Pleco ni wọ́n ń pè é, ó lè gùn ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Kò sí ẹja tó ń gba ilé gbá. Òun náà ń jẹ, òun náà ń ṣu, ebi bá sì pa á lóru, ó lè lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ goldfish tàbí angelfish kó máa lá yọ̀ọ̀yọ̀ ara wọn títí wọ́n á fi dégbò.

Ó yá, ká wá sí ìbéèrè yín gan-an. Omi ni mo máa ń bi ènìyàn kí n tó dárúkọ ẹja kankan, ẹ̀yin tilẹ̀ ti dáhùn kí n tó bi yín: omi yín ń pọ́n. Irin ló wà nínú rẹ̀. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ò sí, irin yẹn yòrò sínú omi, ojú ò lè rí i. Bí ẹ bá fà á sókè tí afẹ́fẹ́ kàn án, ó ń dípẹtà, òun lẹ rí nísàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì láàárọ̀. Tó bá jẹ́ inú táǹkì ló ti dípẹtà, ibi tí ẹja fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ni yóò lọ bò. Oògùn rẹ̀ kò le: ẹ ra dúrọ́ọ̀mù kan, ẹ fa omi sínú rẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi sínú rẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ wá rọra bu omi tó là lókè, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Ẹ má ru ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè. Omi ìjọba ní tirẹ̀ máa ń ní kílórínì, ọjọ́ kan nínú ohun tí a ṣí sílẹ̀ sábà máa ń lé e lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bu díẹ̀ nínú omi tó ti sùn yẹn, kí ẹ fi ọṣẹ fọ nǹkan nínú rẹ̀. Tí ọṣẹ bá tètè hó, tí ìsàlẹ̀ kẹ́túlù yín kì í sì í ní nǹkan funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ bá ti ń se omi fún ọ̀pọ̀ oṣù, omi rírọ̀ lẹ ní. Ọ̀pọ̀ bóòhóòlù tó wà lórí ilẹ̀ yanrìn etíkun wa, láti Èkó dé Ìkòròdú, irú omi bẹ́ẹ̀ ló ń gbé jáde, ó sì sábà máa ń kan díẹ̀. Àwọn tó ń ta ohun èlò ẹja ní oògùn olómi tí ẹ ó kán sínú omi kí àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Wọ́n ń pe òdiwọ̀n náà ní pH: 7 wà láàárín gbùngbùn, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń kan, ohun tó bá ga jù ú lọ kò kan. Omi tó ti sùn ni kí ẹ dán wò o, torí omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ilẹ̀ jáde ní gáàsì kan nínú tó ń mú un kan ju bó ṣe yẹ lọ, gáàsì náà á sì bá afẹ́fẹ́ lọ.

Kí ló kan ẹja nínú gbogbo èyí? Ohun tó kàn án ni pé ibi tí ìran kálukú ti wá ni ara rẹ̀ mọ̀. Guppy, molly, platy àti swordtail fẹ́ omi líle, èyí tí ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú rẹ̀. Àwọn ẹja aláwọ̀ mèremère inú adágún Màláwì tí wọ́n ń pè ní mbuna, omi tí pH rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 7.8 sí 8.6 ni tiwọn, òkúta ni wọ́n ń fi ṣe ilé, ìjà ni wọ́n sì ń fi ṣe aájò. Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ wọn tàn yín. Guppy ní tirẹ̀ lè fara da púpọ̀: ọ̀pọ̀ ẹja wẹ́wẹ́ tí ẹ máa ń rí nínú gọ́tà Èkó tí wọ́n ń jẹ tanwíji, òun ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti wá. Àmọ́ kí ẹja fara dà á yàtọ̀ sí kó gbádùn rẹ̀, omi yín kì í ṣe tirẹ̀.

Omi rírọ̀ tó kan díẹ̀, tó sì gbóná díẹ̀, Ọlọ́run ti dá ẹja tirẹ̀ síbi tí kò jìnnà sí yín. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń san owó gọbọi lórí goldfish fi máa ń yà mí lẹ́nu. Ní gúúsù Nàìjíríà níbí, nínú odò bíi Ethiope ní ìpínlẹ̀ Delta, títí dé etíkun Kamẹrúùnù, ẹja kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pelvicachromis pulcher, tí ọjà mọ̀ sí kribensis. George Boulenger ló ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní 1901, ó sì ti pẹ́ gan-an tí àwọn ará Yúróòpù ti ń sìn ín nínú yàrá wọn. Ẹlòmíràn a ra èyí tí wọ́n sìn lókè òkun, tí wọ́n fi bàálù gbé padà wá fún wa.

Akọ rẹ̀ gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, abo kéré sí i, ó sì rí rọ́bọ́tọ́. Ìlà dúdú kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ẹnu dé ìrù. Ṣùgbọ́n ikùn abo ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí ìgbà àtiyé ẹyin rẹ̀ bá tó, ikùn náà á pọ́n dòdò, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí àwọ̀ oje sobo. Òun ló máa ń lọ bá akọ: á ká ara rẹ̀ kòrókòró síwájú rẹ̀, á na ikùn pípọ́n yẹn sí i, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Tí akọ bá gbà, àwọn méjèèjì á wọ inú ihò, wọ́n á máa fi ẹnu kó yanrìn jáde. Àjà ihò náà ni abo ń yé ẹyin mọ́. Ìyá á dúró ti ẹyin, bàbá á máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, nígbà tí àwọn ọmọ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́, bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n pa, ìyá àti bàbá á máa kó wọn jẹ̀ káàkiri. Àwọn ìbejì yín kò ní rí ohun tó jọ ọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n. Nǹkan mìíràn tún wà tó máa ń dùn mọ́ mi: omi tó bá kan jù ń mú kí akọ pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n bí, èyí tí kò kan máa ń mú kí abo pọ̀.

Ihò tí mo ń wí, ẹ má lọ ra ilé rọ́bà aláwọ̀ pupa. Ìkòkò amọ̀ tó fọ́ tàbí igbá àgbọn tí ẹ fọ̀ dáadáa, tí ẹ da dé, tí ẹ lu ihò kékeré sí létí, ó ti tó wọn. Ẹ ṣe mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ pín wọn sí igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí tí kribensis bá ti bímọ, á gba ìdajì ilẹ̀ táǹkì, ẹni tó bá sún mọ́ ọn á gba èyí tó tọ́ sí i. Táǹkì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́rin ni kò jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà mí. Ká ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ni tiyín, ǹ bá sọ pé àwọn tọkọtaya yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀.

Ta ni á wá bá wọn gbé? Ẹ fojú inú wo táǹkì bí ilé alájà mẹ́ta tí ayálégbé kálukú ti ní àjà tirẹ̀: tí gbogbo wọn bá fẹ́ gbé ìsàlẹ̀, ìjà ni. Kribensis ló ni ìsàlẹ̀. Sí àárín, ẹ wá Congo tetra mẹ́jọ, akọ mẹ́ta sí abo márùn-ún. Ẹja agbègbè odò Kóńgò ni, akọ rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, ìrù rẹ̀ ní fọ́nrán tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ìpẹ́ rẹ̀ á máa yí láti búlúù sí wúrà bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe bà á. Ojo ni, kó tó lè yọjú dáadáa àfi kó rí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ má ra méjì o, wọ́n á kàn máa sá pamọ́ ni. Ó tóbi ju ohun tí ẹnu kribensis gbà lọ, kì í sì í fa ìjọ̀gbọ̀n.

Sókè pátápátá, tí ẹ bá rí i rà, ẹja kan tí wọ́n ń pè ní African butterfly wà, Pantodon ni orúkọ ìwé rẹ̀. Gúúsù Nàìjíríà wà lára ibi tó ti wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́, ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, á dúró sábẹ́ ojú omi bí ewé gbígbẹ, ẹ ó rò pé ó ti kú. Ẹ sọ eṣinṣin sí i kẹ́ ẹ wò ó. Kò níṣẹ́ nísàlẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n á jẹ ẹja wẹ́wẹ́ tó bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, á sì fò jáde tí ìdérí kò bá dán mọ́rán. Ojú oró lórí omi á fún un níbi ìsádi, á dín ìmọ́lẹ̀ kù fún Congo tetra, á sì máa fa ìdọ̀tí inú omi jẹ. Ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fi sínú rẹ̀, kí ẹ má baà kó ìṣáwùrú wọlé. Aáyán kékeré jẹ́ oúnjẹ gidi fún African butterfly, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá ti fín oògùn aáyán nínú ilé.

Àwọn ìbejì á tún fẹ́ nǹkan ẹlẹ́rìn-ín. Ẹ ra Synodontis nigriventris mẹ́rin, ẹja Kóńgò tó máa ń lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ikùn lókè. Nítorí bẹ́ẹ̀, ikùn rẹ̀ ló dúdú ju ẹ̀yìn lọ, kí ọ̀tá tó ń wò ó láti òkè má baà rí i. Kò sábà ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá lọ, òru ló fi ń jẹ̀. Ẹ rí i dájú pé òun gan-an ni wọ́n tà fún yín, torí Synodontis pọ̀ níye, àwọn kan nínú wọn sì máa ń di àgbà ẹja ọbẹ̀.

Tí ẹ bá ní angelfish ni ọkàn yín fẹ́, ìyẹn náà ṣe é ṣe, omi rírọ̀ kan náà ni. Ẹ yọ African butterfly kúrò, torí angelfish á máa já fọ́nrán abẹ́ rẹ̀ jẹ bí ẹni já ekòló. Ẹ fi corydoras mẹ́jọ sísàlẹ̀ lórí yanrìn kíkúnná dípò kribensis, torí yanrìn tó bá mú á gé irùngbọ̀n corydoras, kí ẹ sì fi lemon tetra tó ti dàgbà mẹ́wàá sáàárín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní kí n fi ọwọ́ sọ̀yà, ti Delta àti Kóńgò yẹn ni màá mú.

Ẹ ṣeun fún àbúrò ọkọ yín. Kó máa mú àrọ̀ wá fún ọbẹ̀. Àrọ̀ lè gùn ju ọwọ́ ènìyàn lọ láti èjìká, òru ló ń ṣọdẹ, ó sì ń fò jáde. Ẹ̀pìyà á hú gbogbo ewé yín, á gbẹ́ yanrìn jọ, á wá máa ṣe baálẹ̀ lé wọn lórí. Tó bá sì ṣèèṣì kó òjijí mọ́ wọn, ẹ má kì ọwọ́ bọ táǹkì: ẹja tó lè ta iná tó lé ní 300 fọ́ọ̀tì kì í bá ẹnikẹ́ni gbé.

Ohun kan tí wọn ò sọ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ ra táǹkì ni pé omi tuntun kò tíì lè gba ẹja. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di amóníà, májèlé ni. Kòkòrò tí ojú lásán kò rí, tí ń gbé inú fóòmù ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ló ń sọ ọ́ di náítíráìtì, tí òun náà burú, àwọn mìíràn sì ń sọ ìyẹn di náítíréètì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Àwọn kòkòrò náà ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Tiyín ti tó oṣù kan, nítorí náà ẹ má da omi yẹn nù. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá mẹ́rin rẹ̀ ní ọjọ́ méjì méjì títí tí oògùn tí wọ́n fi ń dán amóníà wò á fi sọ pé ó ti tán, lẹ́yìn náà kó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Fóòmù náà, inú omi tí ẹ bù jáde nínú táǹkì ni kí ẹ ti máa fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọṣẹ kàn án láé.

Iná mọ̀nàmọ́ná wà lára ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Tí iná bá lọ, ẹja àti kòkòrò inú fóòmù jọ ń pàdánù afẹ́fẹ́ ni. Ẹ ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì, kó máa fẹ́ sínú omi títí iná á fi dé, ẹ má sì fún wọn lóúnjẹ ní gbogbo àkókò òkùnkùn. Ìdí nìyí tí iye ẹja tí mo kà sílẹ̀ fún yín kò fi pọ̀: tọkọtaya kribensis kan, Congo tetra mẹ́jọ, Synodontis mẹ́rin, African butterfly kan. Ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ lè fi díẹ̀ kún un.

Tí ọ̀sẹ̀ yìí bá ti parí, ẹ dá oscar àti pleco padà fún ẹni tó tà wọ́n, kódà kí ẹ fi ta á lọ́rẹ. Goldfish, ẹ gbé e lọ sínú agbada ńlá níbi tó tutù jù nínú ilé, kí ẹ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó ṣì lè là á. Tiger barb, ẹni tó ní ọ̀wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wá fún. Ohunkóhun tí kò bá rí ibi lọ, ẹ má dà á sí odò tàbí gọ́tà. Àwọn tuntun tí ẹ bá rà, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ẹ wò bóyá àrùn wà lára wọn. Congo tetra ni kó kọ́kọ́ wọlé, Synodontis lẹ́yìn rẹ̀, kribensis ni kó kẹ́yìn, torí ẹni tó bá ṣáájú ló máa ń sọ pé òun lòun ni ilẹ̀.

Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ti tó, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì. Kí Táíwò bọ́ wọn lónìí, kí Kẹ́hìndé bọ́ wọn lọ́la, kí ẹ̀yin sì fi agolo oúnjẹ náà síbi tí ọwọ́ àwọn méjèèjì ò tó, nítorí tí kálukú bá ń bọ́ wọn ní ìkọ̀kọ̀ èkejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n á máa jẹ.